Ṣé Ibi Tí Ilẹ̀ Wà Ni, àbí Ohun Tí Àwọn Ọmọ Ilẹ̀ Mọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń jiyàn lórí ohun tó ń gbé orílẹ̀-èdè ga nínú sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èmi ní ẹ̀kọ́ ni. Òun ní irọ́ ni, pé ibi tí Ọlọ́run fi ilẹ̀ wọn sí ni: èédú, irin, odò tó ṣeé wa ọkọ̀, etíkun tó dára. Ó wá bi mí pé bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni, kí ló dé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣáájú gbogbo ayé nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò rí ilé ìwé lọ? Mi ò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre nínú wa? Àti pé, orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun rárá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè tí ọ̀rẹ́ yín fi dá yín dúró yẹn, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa tí ń kọ́ni ní ìtàn ọrọ̀ ajé máa ń yẹ̀ fún, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó jàre níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àmọ́ bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ẹ óò rí i pé jọ́gíráfì tí òun gbójú lé kì í dúró sójú kan, ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin náà ń gbèjà kì í sì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èédú inú ilẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, èédú náà sì wà nítòsí omi. Láti Newcastle, ní apá àríwá, ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èédú lọ sí London fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ̀rọ. Igi ìdáná ti wọ́n ní London, èédú ni wọ́n ń dá. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò èédú jìn sí i ni omi ń sun kún un, débi pé ẹṣin tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìfami kò lè fà á tán mọ́. Ìṣòro yìí ni Thomas Newcomen, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò irin ní ìlú Dartmouth, dojú kọ. Ní 1712, ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ nítòsí Dudley tó ń fi oru omi híhó fa omi jáde nínú kòtò.

Wọ̀bìà ni ẹ̀rọ náà. Èédú tó ń jẹ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá gbé e lọ síbi tó jìnnà sí kòtò, owó èédú nìkan á ti jẹ èrè tán. Ṣùgbọ́n lẹ́nu kòtò, wẹ́wẹ́ èédú tí ẹnikẹ́ni kò ní rà ni wọ́n ń kó sí i lẹ́nu. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ fi rí àyè dàgbà. Ká ní ibi tí èédú ti wọ́n ni Newcomen ti bí i, wọn ì bá ti pa á tì láàárín ọdún kan. Ọmọ jòjòló ni ẹ̀rọ yẹn nígbà náà, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ló wò ó dàgbà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín gba máàkì lórí èyí.

Ẹ fi Ṣáínà wé e. Ní ọ̀rúndún 11, lábẹ́ àwọn ọba Song, àwọn ará Ṣáínà ti ń dá èédú, wọ́n sì ń rọ irin lọ́pọ̀ yanturu ju ibikíbi lọ láyé. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún 18, ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti olówó wọn kóra jọ sí ni ẹnu odò Yangtze, ní apá ìsàlẹ̀. Èédú tó pọ̀ jù lọ wà ní Shanxi, láàárín òkè, ní àríwá, kò sì sí odò kan tó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Yangtze tààrà. Láti gbé èédú gba ọ̀nà ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀, ó ti wọ́n ju ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ kó tó débẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan tilẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé gbígbẹ ni àwọn kòtò ibẹ̀ gbẹ, pé iná tó ń ṣàdédé bú gbàù ni wọ́n ń bẹ̀rù, kì í ṣe omi. Ìṣòro tó bí ẹ̀rọ Newcomen kò wáyé lọ́dọ̀ wọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti sáré kọjá. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lọ sílé ìwé. Òfin tó dá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1870 ni wọ́n ṣe é, ó sì di 1880 kí wọ́n tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọdé. Ẹ̀rọ ti ń dún nílẹ̀ wọn tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà náà. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́, àwọn méjèèjì ló sì kẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún àwọn tó mọṣẹ́: àwọn tó ń ṣe aago, àwọn tó ń dán awò fún awò-awọ̀nàjíjìn, àwọn tó ń fi irin wọn nǹkan débi ìwọ̀n irun orí. Ọdún méje ni ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Bí a bá pe àwọn wọ̀nyẹn ní aláìkẹ́kọ̀ọ́ torí pé wọn kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ti fojú fo ohun tó ṣe pàtàkì jù.

James Watt ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Scotland ni, ilẹ̀ tó ti ṣòfin ní 1696 pé kí olúkúlùkù ìjọ ní ilé ìwé àti olùkọ́. Watt kì í ṣe ọ̀mọ̀wé fásitì. Ẹni tó ń ṣe ohun èlò ìwọ̀n ni, wọ́n sì fún un ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ nínú ọgbà Yunifásítì Glasgow. Láàárín 1763 sí 1764, wọ́n gbé ẹ̀rọ Newcomen kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá fún un kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe tán, ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi, ó ń wọn oru, ó ń wá ibi tí agbára ń jò lọ. Joseph Black, olùkọ́ kẹ́mísìrì ní fásitì náà, wà nítòsí láti ṣàlàyé fún un nípa ooru tó máa ń fara pamọ́ nígbà tí omi bá di oru. Ní 1765, ó yé Watt pé ńṣe ni wọ́n ń mú ọpọ́n kan náà gbóná, tí wọ́n tún ń mú un tutù, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń fi ooru ṣòfò. Ó ya ibi tí oru yóò ti tutù sọ́tọ̀. Ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1769.

Síbẹ̀, ọpọ́n tó rí roboto dáadáa kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ṣe é títí John Wilkinson, tó mọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò àgbá ogun kó gún régé, fi bá a lu tirẹ̀. Matthew Boulton ní Birmingham mú owó àti ilé iṣẹ́ wá. Ní ìlú yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan, Watt, Boulton, Josiah Wedgwood tó ń ṣe ìkòkò àti abọ́, Joseph Priestley tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì, máa ń pàdé jẹun lálẹ́ tí òṣùpá bá lé kánrin kí wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gun ẹṣin lọ sílé. Ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tó mọṣẹ́ ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ìgbà yẹn, èyí ló wú mi lórí jù, torí pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé nígbà náà, ẹni tó mọ̀wé kì í fẹ́ kí òróró kan òun lọ́wọ́.

Nítorí náà, èsì tí ẹ máa fún ọ̀rẹ́ yín rèé: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lè fi ọwọ́ tálẹ̀ wá ọ̀nà. Èédú ló fún un ní ìṣòro tó tọ́ àti àkókò láti ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19, nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ kúrò ní ohun tí ojú ń rí, tó di ti kẹ́mísìrì àti iná mànàmáná, ọwọ́ nìkan kò tó mọ́. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan átọ́ọ̀mù kó mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Láti ìgbà náà, n kò mọ orílẹ̀-èdè kan tó dìde nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní ìwé.

Ẹ̀rí tó le jù lórí èyí ni ọ̀rọ̀ aró. Ní 1856, ọmọ ọdún 18 kan, William Perkin, ń gbìyànjú láti ṣe oògùn ibà kíníìnì láti inú ọ̀dà tó máa ń ṣẹ́kù lára èédú. Oògùn kò jáde, àwọ̀ àlùkò aláwọ̀ mèremère ló jáde, aró àkọ́kọ́ tí kò ti inú ewé tàbí kòkòrò wá tó sì di ọjà ńlá. Ẹ wò ó: ọ̀dà èédú, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí yóò ra aró, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọkọ̀ àti ọjà ayé, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bó bá jẹ́ pé jọ́gíráfì ló ń pín in, kò yẹ kí aró kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láé. Síbẹ̀, kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ nínú aró bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò tó ń ti Jámánì wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Olùkọ́ tó kọ́ Perkin, August Wilhelm von Hofmann, ọmọ Jámánì ni. Abẹ́ Justus von Liebig ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Giessen, ìlú kékeré kan tí Liebig ti dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ láti nǹkan bí 1825. Ohun tuntun tí Liebig ṣe ni pé kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jókòó wo olùkọ́ lásán. Olúkúlùkù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, á sì dáhùn ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn kó tó gboyè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tàn káàkiri, wọ́n lọ dá irú yàrá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí Hofmann padà sílé ní 1865, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ aró BASF sílẹ̀ lẹ́bàá odò Rhine. Ilé iṣẹ́ Jámánì rí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì gbà síṣẹ́ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, nígbà tí oní ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń rò pé ẹyọ kan ti tó, bó bá tilẹ̀ gbà á rárá.

Ẹ̀lú ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Adolf von Baeyer rí ọ̀nà láti ṣe àwọ̀ ẹ̀lú nínú yàrá ìwádìí ní 1880, ṣùgbọ́n owó tí ọ̀nà náà ń ná wọn pọ̀ ju kí wọ́n ra ewé lọ. BASF kò jáwọ́. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń wá a, tí wọ́n ń náwó lé e lórí, kí wọ́n tó gbé ẹ̀lú àtọwọ́dá jáde sọ́jà ní 1897. Láàárín ọdún díẹ̀, oko ẹ̀lú tó kún Bengal àti Bihar ní Índíà di ahoro. Ilẹ̀ Índíà kò yí padà, òjò rẹ̀ kò dín, oòrùn rẹ̀ kò lọ. Ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ òkèèrè ló gba iye lórí rẹ̀ lọ.

Irú èyí náà ló dé bá orílẹ̀-èdè Chile. Aginjù Atacama ní iyọ̀ náítíréètì tí gbogbo ayé ń wá fún ajílẹ̀ àti ẹ̀tù ìbọn. Chile bá Peru àti Bolivia jagun lórí rẹ̀ láti 1879, ó ṣẹ́gun, ó gba gbogbo rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó orí lórí iyọ̀ yìí tó nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọ àpò ìjọba. Jámánì tó ń rà á lọ́wọ́ wọn mọ̀ pé bí ogun bá dé, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yóò dí òun lọ́nà. Ní 1909, Fritz Haber fi hàn ní Karlsruhe pé a lè mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ká fi ṣe amóníà. Ní 1913, Carl Bosch ti gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Oppau. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n sọ di ohun àlùmọ́ọ́nì, afẹ́fẹ́ sì wà níbi gbogbo. Lónìí, Humberstone, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ iyọ̀ ní Chile, dúró sínú aginjù láìsí ẹnì kan nínú rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ló ń lọ wò ó.

N kò sọ èyí láti fi Chile ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní apá yìí, torí pé owó wà lọ́wọ́ wọn fún nǹkan bí 40 ọdún, ó sì tó láti kọ́ ìran kan ní kẹ́mísìrì iyọ̀ tí wọ́n ń wà yẹn gan-an.

Ẹ tún gbọ́ ti Sidney Gilchrist Thomas, torí pé díẹ̀ ni wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni ní London. Lálẹ́, ó ń lọ kọ́ kẹ́mísìrì ní Birkbeck, ilé ẹ̀kọ́ tó wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Olùkọ́ kan sọ níbẹ̀ pé ẹni tó bá lè yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò nínú irin yóò lówó. Nígbà náà, irin tí a bá rọ láti inú òkúta tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń ṣẹ́ bí àwo, kò wúlò. Thomas àti ìbátan rẹ̀, Percy Gilchrist, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìyọ́rin kan ní Wales, rí i pé bí a bá fi irú òkúta ẹfun kan tẹ́ inú ìléru, yóò fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà mọ́ra. Wọ́n fi han ayé láàárín 1878 sí 1879.

Àbájáde rẹ̀ yani lẹ́nu. Òkúta irin Lorraine, èyí tí Jámánì gba apá kan lọ́wọ́ Faransé ní 1871, kún fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Òkúta irin tó wà ní àríwá jíjìn Sweden náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án kan òru kan, ilẹ̀ méjèèjì di olówó irin. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, Jámánì ti ń rọ irin ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kò sí òkúta kan tó kúrò níbi tó wà. Akọ̀wé kan tó ń lọ sí kíláàsì alẹ́ ló tún àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù yà, àwọn tó sì jẹ èrè rẹ̀ jù ni àwọn tó ti ní ẹnjiníà tó pọ̀ tó láti gbé e ṣe kíá.

Sweden fún ẹ̀yin náà ní ẹ̀kọ́ kan tó yẹ kí ẹ gbà. Òfin ìjọ wọn ti 1686 ní kí gbogbo ènìyàn mọ ìwé kà, àlùfáà sì ń lọ láti ilé dé ilé láti dán wọn wò. Nígbà tó fi di àárín ọ̀rúndún 19, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n tálákà! Ó ju mílíọ̀nù kan ọmọ Sweden lọ tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé kíkà nìkan kò fún wọn lóúnjẹ. Ìgbà tí ọjà Gẹ̀ẹ́sì ṣí sílẹ̀ fún igi àti irin wọn, tí ojú irin sì dé àárín igbó, ni gbogbo ìwé kíkà yẹn rí ohun tó máa ṣe: Alfred Nobel pẹ̀lú dáínámáìtì ní 1867, Lars Magnus Ericsson pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ tẹlígíráàfù ṣe láti 1876, Gustaf de Laval pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà. Ẹ̀kọ́ lè dúró de ọ̀nà fún 150 ọdún.

Nípa Japáànì, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó sáré lé ayé bá lẹ́yìn 1868. Òfin ilé ìwé wọn ti 1872 sọ pé kò gbọdọ̀ sí ìdílé aláìmọ̀wé kan nínú abúlé, kò sì gbọdọ̀ sí aláìmọ̀wé kan nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tokyo ní 1873. Ọmọ Scotland kan, Henry Dyer, tí kò ju ẹni ọdún 25 lọ, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà: ọdún méjì fún ìpìlẹ̀, méjì fún iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn, méjì tó kù lẹ́nu iṣẹ́ gidi. Mọ̀wé àti mọṣẹ́, nínú ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ní 1883 ni Tanabe Sakuro. Nígbà náà, Kyoto ń kú lọ. Ọba ti kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Tokyo, iṣẹ́ àti ènìyàn ń bá a lọ. Adágún Biwa wà nítòsí, adágún tó tóbi jù ní Japáànì, ṣùgbọ́n òkè wà láàárín. Ìwé àṣejáde Tanabe dá lórí bí wọ́n ṣe lè gbẹ́ odò láti inú adágún náà la òkè kọjá wọ ìlú. Gómìnà Kyoto kà á, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1885. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, Tanabe rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní 1888, ó rí i ní Aspen bí wọ́n ṣe ń fi omi tó ń já bọ́ ṣe iná mànàmáná. Ó padà sílé, ó yí àwòrán iṣẹ́ náà padà. Odò náà parí ní 1890, ilé iṣẹ́ iná Keage bẹ̀rẹ̀ ní 1891, nígbà tó sì di 1895, ọkọ̀ oníná mànàmáná ti ń rìn ní ìgboro Kyoto. Adágún yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkè yẹn náà ti wà níbẹ̀. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín ọjọ́ tí Tanabe gboyè sí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà gbéra.

Ṣé mo ń sọ pé ẹ̀kọ́ ló jàre pátápátá? Rárá. Ẹ wo Kòríà, níbi tí ìdáhùn mi fúnra mi ti máa ń kọsẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in sí méjì ní 1945, Àríwá ló ní ohun àlùmọ́ọ́nì, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ìsédò tó ń pèsè iná. Oṣù karùn-ún ọdún 1948, Àríwá gé iná tó ń lọ sí Gúúsù, òkùnkùn bo Seoul. Ẹ̀yà kan náà, èdè kan náà, ìhà méjèèjì sì kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé. Gúúsù tí kò ní nǹkan kan ló wá ṣíwájú. Jọ́gíráfì kò lè ṣàlàyé èyí, ilé ìwé nìkan náà kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí ìjọba gbà kí ìmọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe: Gúúsù rí ìrànlọ́wọ́ owó Amẹ́ríkà, ó ń tajà fún ayé, ó sì dá ilé ìwádìí KIST sílẹ̀ ní 1966 láti pe àwọn onímọ̀ wọn tó wà lókè òkun padà wálé.

Ṣùgbọ́n kí n má rẹ́ ọ̀rẹ́ yín jẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ irin sí Pohang, tí irin àkọ́kọ́ jáde ní 1973, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta irin àti èédú tó ń lò. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé etí òkun ni Pohang wà, tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ ẹnu ìléru. Ìmọ̀ ti sọ òkúta abẹ́ ilẹ̀ di ohun tí a lè rà. Kò tíì sọ etíkun di ohun tí a lè rà.

Èyí ló gbé wa dé ìbéèrè yín kejì, ti ilẹ̀ tí kò ní òkun. Ìnira gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Odò Kóńgò wà lára àwọn odò tó tóbi jù láyé, ó sì ṣeé wa ọkọ̀ fún ọ̀nà jíjìn réré nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín Kinshasa sí Matadi ó ń já láti orí àpáta dé àpáta fún nǹkan bí 350 kìlómítà, ọkọ̀ kankan kò lè gbà á. Ọdún mẹ́jọ, láti 1890 sí 1898, ni wọ́n fi la ojú irin yí i ká, ẹ̀mí tó sì bá iṣẹ́ náà lọ pọ̀.

Switzerland kò ní òkun, èédú rẹ̀ kò tó nǹkan, òkè ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Odò Rhine gba Basel kọjá, ìyẹn kì í ṣe kékeré, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì lówó láti ra ohun tó bá ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ aláìlókun kò ní. Ohun tí kò gba ọkọ̀ púpọ̀ láti kó ni wọ́n gbájú mọ́: aago, aró, oògùn, ẹ̀rọ. Omi tó ń já láti orí òkè ni wọ́n fi ṣe iná, débi pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí èédú tí wọ́n ń rà ti wọ́n gógó lójú ogun, wọ́n yí ojú irin wọn sí oníná mànàmáná ṣáájú ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ máa sọ fún ọ̀rẹ́ yín nípa rẹ̀, ẹ sọ fún un nípa Alfred Escher, olóṣèlú kan ní Zurich. Ó wà lára àwọn tó jà fún ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ìjọba àpapọ̀ tó ṣí ní Zurich ní 1855. Ní 1856, ó dá báńkì kan sílẹ̀ kí owó ojú irin má bàa máa ti òkèèrè wá. Lẹ́yìn náà ló doríkọ òkè Gotthard, tó dí ọ̀nà láàárín Switzerland àti Ítálì. Láti 1872 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò inú rẹ̀, kìlómítà 15, ìlàjì láti ìhà àríwá, ìlàjì láti ìhà gúúsù. Louis Favre tó gba kọngílá iṣẹ́ náà kú sínú ihò ọ̀hún ní 1879. Nígbà tí àwọn agbẹ́lẹ̀ ìhà méjèèjì pàdé láàárín òkè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ihò kan sí èkejì kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú òkè náà kọjá ní 1882, lọ sí èbúté Genoa.